Dókítà Ojú Tí A Ti Sin Sí Emùré

Bí ogbó bá kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ lọ lọ́jọ́ iwájú, tí n kò sì rántí orúkọ ọmọ tí mo bí mọ́, ó dá mi lójú pé ọjọ́ tí mo sá jáde nílé ìwòsàn ojú kan ní Ìkẹ́rẹ́ yóò ṣì jókòó sí ọkàn mi, yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún èèyàn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí mi á ti máa wú.

Aránṣọ ni mí, ní Emùré. Aṣọ ilé-ìwé, aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìyàwó, kò sí èyí tí n kì í rán. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa yóò mọ̀ pé ojú ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ lè máa ro aránṣọ, ẹ̀yìn lè máa dùn ún, kó ṣì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí ojú bá ti kọ̀, iṣẹ́ ti parí. Ojú tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀, ìpin á ti lẹ ìpéǹpéjú mi pọ̀, àfi kí n fi omi rẹ wọ́n kí wọ́n tó là. Bí wọ́n bá là tán, wọ́n á pọ́n, wọ́n á wú létí, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ á so mọ́ irun wọn. Tó bá di ọ̀sán, á dà bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí mi lójú. Nígbà tí ọyẹ́ wá dé, tí atẹ́gùn gbígbẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Gbogbo ìlú di dókítà fún mi. Ẹnìkan ní kí n po ṣúgà mọ́ omi kí n máa kán an. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé òróró tí wọ́n ti gbàdúrà sí wá fún mi, mo da díẹ̀ sínú ojú méjèèjì, mo sì sáré yí ilé wa po bí adìẹ tí wọ́n lé. Àdúrà náà kò ní àléébù o. Òróró ni kò mọ ibi tí wọ́n rán an.

Ojú mi wá ń ṣe bàìbàì. Bí èèyàn bá ń bọ̀, bí èéfín ni mo ṣe ń rí i, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ ẹni tó jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí ẹnìkan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò dáhùn, mo tún un kí, kò dáhùn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Bàbá Tóyìn, ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ káńsù, wà lẹ́yìn mi.

"Màmá Tóyìn," ó ní, "òpó iná lò ń bá jà un. Lọ rí dókítà."

Bí mo ṣe dé Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní dókítà ojú kan ti dé síbẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn kò ní ní gbogbo agbègbè wa. Ọjọ́ náà, ọyẹ́ ti bo àwọn àpáta ìlú náà mọ́lẹ̀, wọn ò hàn mọ́, èèyàn kàn ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ńlá kan dúró sókè tó ń wo òun. Inú ilé ìwòsàn náà dákẹ́. Nọ́ọ̀sì mú mi wọ yàrá kan tí wọ́n ta aṣọ dúdú sí ojú fèrèsé rẹ̀. Ó kán oògùn kan sí mi lójú, ojú kú tipiri. Ó tún fi òmíràn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí i, ó ní kí n dúró, ó sì jáde, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo jókòó sínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan.

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ gbé àgbọ̀n yín lé orí ibí."

Ohùn tín-ín-rín, tó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ṣe máa ń fà á. Mo mọ ohùn yẹn. Mo ti bá ohùn yẹn jẹun, mo ti bá a jà, mo ti bá a ṣe òfófó. Mo ní kí n má ya wèrè, mo gbé àgbọ̀n lé ibi tó ní kí n gbé e lé. Ó tan iná kan, iná náà aláwọ̀ búlúù, bí iná tí kì í ṣe ti ayé yìí. Ó sún mọ́ mi. Ojú rẹ̀ yọ sí mi nínú iná búlúù náà, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ sí tèmi.

Jọkẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Jọkẹ́ í ṣe. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́ aránṣọ, àwa méjèèjì la sì fẹ́ ọkọ sí Emùré, ṣọ́ọ̀bù tiwa kọjú síra wọn. Kò sí ọjọ́ tí a kì í rí ara wa. Tí a bá ń jà, a ṣì máa ń yá ara wa ní òwú. Ó ṣàìsàn díẹ̀, ó sì kú. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Èmi fúnra mi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín, lésì funfun, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ẹni tí mo ń sọ nìyẹn. Òun ló tẹ̀ síwájú mi yìí, ó wọ aṣọ funfun, ó ń fi ìka ṣí ìpéǹpéjú mi.

Gbogbo wa la mọ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó sì lọ ń gbé ayé rẹ̀ tó kù ní ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó ń bímọ, títí ojúlùmọ̀ kan á fi já lù ú. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá já lù ú, tó bá pe orúkọ rẹ̀, á pòórá. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó lè kọ́ iṣẹ́ dókítà.

"Mà, omijé yín kò tó," ó ń sọ, "èyí tó sì wà ń yára gbẹ. Ṣé ẹ rí etí ìpéǹpéjú, àwọn ihò òróró wẹ́wẹ́ ló tò síbẹ̀. Òróró yẹn ló yẹ kó máa bo omijé kí atẹ́gùn má bàa fà á gbẹ. Tiyín ti dì bí òrí. Ìdí nìyẹn tí etí rẹ̀ fi wú. Ọ̀tún ṣì fúyẹ́. Tòsì ló ń bà mí lẹ́rù, ẹyinjú ti ń họ. Ibi tó bá họ lè di àpá, àpá yẹn sì lè bo ìríran. Ẹ má jẹ́ ká fi í jáfara."

Ó ní ká fi ọ̀tún tó fúyẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe ń rí. Ó gbé ohun kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ìpéǹpéjú mi, lẹ́yìn náà ó fi irin pẹlẹbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, òróró dídì ń jáde. Kò dùn mí, ojú ti kú. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ ń kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, èémí náà sì móoru. Mo ń rò ó pé ṣé òkú a máa mí ni. Ó ń tẹ ojú, ó ń ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní nílé, kí n máa fi aṣọ gbígbóná lé ojú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n máa fọ etí ìpéǹpéjú, kí n máa kán omijé àtọwọ́dá. Ó ní bí ìyẹn kò bá tó, oògùn oníhóró wà tí mo lè máa lò fún ìgbà díẹ̀. Ó ní wọ́n tún lè fi èdídí kékeré kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, dí ihò tí omijé ń bá ṣàn lọ, kó lè pẹ́ nínú ojú.

"Tí gbogbo ìyẹn bá kọ̀," Jọkẹ́ ní, "a lè ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára yín ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á yọ omi tó léfòó lórí rẹ̀, òun lẹ ó máa kán sójú."

Ẹ̀jẹ̀ mi.

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo mọ̀ pé orí mi gbá ẹ̀rọ náà, mo mọ̀ pé mo pe aṣọ dúdú ojú fèrèsé ní ilẹ̀kùn, mo fẹ́ gba ibẹ̀ jáde, kí n tó rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn gidi. Mo gba iwájú nọ́ọ̀sì kọjá, ó di títì. Obìnrin kan ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbójú sókè, ó wò mí, abẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pe Jésù sókè. N kò mọ̀ pé oògùn pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn ti di ofeefee lójú mi, ó sì ti ń ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Ojú kan wú, èkejì kò lè ṣẹ́, ìborùn mi ti tú. Èmi tí mo ń sá fún òkú, mo ti di òkú lójú ará Ìkẹ́rẹ́.

Mo rí ọlọ́kadà kan, mo fò sẹ́yìn rẹ̀. "Emùré! Máa lọ!"

"Mà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iye—" Ó wo dígí ọ̀kadà rẹ̀. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé òun náà ti rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ni mo bá fi ọwọ́ tútù dì í léjìká, mo ní, "Má wẹ̀yìn. Òkú ni."

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí àkéte ọmọ tó sùn. Nígbà tó rìn díẹ̀, ó bẹ́ sí eré. Ó fi ọ̀kadà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èmi sì wà lórí rẹ̀. N kò gun ọ̀kadà fúnra mi rí láyé mi. A jọ dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀, èmi àti ọ̀kadà, lẹ́yìn náà a jọ wó lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú yanrìn ẹ̀bá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo wo ẹ̀yìn. Ó dúró nínú ọyẹ́, funfun láti ọrùn dé orúnkún, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń pè mí.

"Ẹ padà o! Ẹ padà wá! Tòsì kù o!"

Orí ló ní kí n rí ọkọ̀ tó ń lọ Emùré.

Bàbá Tóyìn gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbé iyán tó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ulé dókítà lo lọ àbí ulé òkú?"

"Jọkẹ́ ni, mo ní Jọkẹ́ ni!"

"Ó dáa. Jọkẹ́ kú ní Emùré. Ó fẹ́ sá lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó wo Kánò, ó wo Gánà, ó ní rárá o, Ìkẹ́rẹ́ ni, níbi tí wọ́n ti bí i, tí gbogbo Emùré ti ń lọ ná ọjà. Ìwọ náà rò ó. Àkúdàáyà wo ni kò ní owó ọkọ̀?"

Mo bínú, mo lọ sùn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, ojú ọ̀tún mi là fúnra rẹ̀ láìlo omi. Èkínní irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò tíì ríran dáadáa, ṣùgbọ́n yanrìn inú rẹ̀ ti dín kù. Òsì ní tirẹ̀ ń burú sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kò sí dókítà mìíràn nítòsí tó ní ẹ̀rọ yẹn. Bí mo bá padà lọ, tí Jọkẹ́ sì dá mi mọ̀, á pòórá. Tó bá pòórá, ta ni yóò ṣe ojú òsì mi? Ẹ wo irú ìṣòro tó kojú èèyàn. Ẹlòmíràn ń wá bí òkú yóò ṣe fi òun sílẹ̀, èmi ń wá bí n ó ṣe dá òkú dúró títí yóò fi parí iṣẹ́.

Kí n má parọ́, ojú òsì nìkan kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ̀rù ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, àárò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi. Láti ọjọ́ tí Jọkẹ́ ti lọ, n kò ní ẹni tí mo lè bá jà kí n sì yá a ní òwú. Mo bá ara mi tí mo ń rò ó lórí máṣìnì pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Èémí rẹ̀ móoru. Ó wà ní ibì kan. Ọkọ̀ kan péré ló wà láàárín wa.

Mo padà lọ. Mo wọ awò dúdú tí Tóyìn ọmọ mi fi sílẹ̀, mo fi ìborùn bo ẹnu, mo sọ orúkọ ìyá ọkọ mi fún nọ́ọ̀sì bí ẹni pé orúkọ mi ni. Mo tún gbé uṣu sísun àti epo pupa dání, nítorí Jọkẹ́ kò lè rí uṣu sísun kó mójú kúrò. Ìdánwò ni mo pè é. Mo gbé e sílẹ̀ níwájú dókítà nínú òkùnkùn yàrá yẹn.

"Háà, uṣu sísun! Ẹ ṣeun gan-an, mà, n kò tíì jẹun láti àárọ̀." Mo gbọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Orí mi wú. Ẹ̀rí ti pé. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí pé kò sí ẹni tó kọ uṣu sísun ní gbogbo Èkìtì.

Ó ní kí n bọ́ awò. Mo bọ́ ọ, mo pa ojú dé. Ó ní kí n la ojú, mo là á díẹ̀. Iná búlúù yẹn tàn. Ó wò mí. Ó sún mọ́ mi, ó tún wò mí, ó ní, "Mo ti rí ojú yìí rí."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá aṣọ funfun rẹ̀ mú. "Ẹ má lọ o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ!"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, mà? Ẹ̀yin lẹ sá lọ lọ́jọ́sí. Mo lè gbàgbé orúkọ èèyàn, n kì í gbàgbé ojú tí mo bá tẹ̀." Ó wo ọwọ́ mi. "Mà, kí lẹ ń wá nínú aṣọ mi?"

Mo ti ń fi ìka wá etí aṣọ náà nínú òkùnkùn, kí n mọ̀ bóyá aṣọ tí mo rán fún ìsìnkú rẹ̀ ni. Etí aṣọ ilé iṣẹ́ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní inú mi dùn sí aṣọ náà ni. Ó ní ó dáa, kí n jù ú sílẹ̀, ó fẹ́ ṣiṣẹ́.

Bó ṣe gbé nǹkan wọ́ọ́rọ́ lé ojú òsì mi nìyẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. N kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, etí rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ẹnu mi. Mo wá ọ̀nà mìíràn.

"Dókítà," mo ní, "mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gboyè."

"Ẹ kú oríire, mà. Ẹ má ṣẹ́jú."

"Èyí ọkùnrin wà ní Ìbàdàn, ó ti níṣẹ́. Kì í mutí mọ́."

"Ó mà dára o."

"Ọkọ rẹ̀ kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n fi ń ta ìrẹsì báyìí, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé máṣìnì rẹ̀ sọ́dọ̀. Mo máa ń fi òróró sí i."

Mo gbọ́ ọ tó mí kanlẹ̀, ìmí gígùn, èémí náà fẹ́ sí mi lójú. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ inú òkú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tòsì yìí le o. Òróró inú rẹ̀ ti dì gan-an. Ẹ rọ́jú díẹ̀ sí i." Mo rọ́jú. Bó bá jẹ́ pé ó ní kí n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n ó jókòó. Nígbà tó ṣe tán, ó fi oògùn ọ̀rá sí i, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù kan, kí n má sá mọ́.

Mo di ọmọ gbọràn. Aṣọ gbígbóná láàárọ̀, aṣọ gbígbóná nírọ̀lẹ́. Mo ń fọ etí ìpéǹpéjú bí ẹni ń fọ kọ́là aṣọ funfun. Mo ń kán omijé, mo ń lo oògùn oníhóró. Nígbà tí mo bá ń ránṣọ, mo ń rán ara mi létí kí n máa ṣẹ́jú. Díẹ̀díẹ̀, òkùnkùn ojú mi ń ká kúrò. Lọ́jọ́ kan mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo jó yí máṣìnì po.

Oṣù pé. Lọ́tẹ̀ yìí n kò mú awò dúdú. Mo ti pinnu pé n ó pe orúkọ rẹ̀. Ojú méjèèjì ti yá. Tó bá fẹ́ pòórá kó pòórá, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ pè é ní Jọkẹ́, n ó sọ fún un pé àárò rẹ̀ ń sọ mí, n ó sì kí i pé ó dàbọ̀, nítorí lọ́jọ́ tó kú, mo rin ìrìn-àjò lọ, òkú rẹ̀ ni mo padà wá bá.

Mo wọlé. Ọyẹ́ ti lọ, wọ́n ti ká aṣọ dúdú sókè, oòrùn kún inú yàrá. Ọmọbìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó wọ aṣọ funfun. Ó sanra díẹ̀, imú rẹ̀ gbòòrò, ó dúdú dáadáa, ó lè jẹ́ ẹgbẹ́ Tóyìn ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ọmọ mi," mo ní. "Dókítà ńkọ́?"

"Èmi nìyí, mà."

"Rárá, èyí tó ṣe ojú fún mi."

Òun àti nọ́ọ̀sì wo ara wọn. "Mà, èmi ni mo ṣe é. Èmi nìkan ni dókítà tó wà níbí."

Mo wò ó. Mo wá Jọkẹ́ lójú rẹ̀, mo wá a ní etí, ní ọrùn, ní ọwọ́. Ohùn náà ṣì fẹ́ jọ ọ́ bí mo bá pa ojú dé, bó ṣe jẹ́ pé ohùn ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ jọ ara wọn. Bí mo bá la ojú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ta aṣọ fèrèsé, kí o tan iná búlúù yẹn." Kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó sún mọ́ mi nínú òkùnkùn. Mo wò ó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ó ń ṣẹ́jú, ó ń retí ohun tí n ó sọ.

Ni mo bá bú sẹ́kún. Ẹkún gidi, tó ń da omi sílẹ̀, tó ń rin aṣọ lọ́rùn. Ọmọbìnrin náà fò sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ń pariwo ayọ̀.

"Nọ́ọ̀sì! Wá wo omijé! Ẹ wo bó ṣe ń ṣàn! Mà, ẹ má nù ún, ẹ máa sun ún lọ, ó dára fún yín!"

Wọ́n dúró tì mí, inú wọn ń dùn, wọ́n ń kí ara wọn kú iṣẹ́. Mo ń sunkún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.

Nígbà tí mo délé, Bàbá Tóyìn gbé mi lójú sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní ojú náà ti mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ́ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó lọ bu omi wá.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ojú tó bá ń yún, tó ń pọ́n, tó ń lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀, ẹ tètè gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ ó máa kí òpó iná, tí ẹ ó máa gbé uṣu sísun fún òkú. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo bá ṣẹ́ kù sí ṣọ́ọ̀bù lémi nìkan, mo máa ń rò ó pé fún oṣù kan gbáko, Jọkẹ́ wà láàyè ní Ìkẹ́rẹ́, ó ń jẹ uṣu, mo sì fún un ní ìròyìn àwọn ọmọ rẹ̀. Owó ara mi ni mo sì fi tún ojú ṣe, tí ojú tó mọ́ fi lé e lọ. Ẹ̀rín náà á tún pa mí.